Kí ló dé tí George Romero ò fi lówó nídìí sọ́ńbì tó fún gbogbo ayé?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ fíìmù ni mò ń kọ́, fíìmù adẹ́rùbani ló sì wù mí ṣe jù. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní George Romero ni bàbá sọ́ńbì, òkú tó ń dìde jẹ èèyàn, tí gbogbo ayé ń wò báyìí, àmọ́ kò rí nǹkan gidi kan jẹ nídìí ẹ̀, títí tó fi kú ló ń wá owó fíìmù kiri. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni àbí òun ni kò gbọ́n? Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń pè é ní aláyà? Èwo ni kí n sì kọ́kọ́ wò nínú iṣẹ́ ẹ̀?”

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Òótọ́ lọ̀gá yín sọ, ó kàn ku ìdajì ni. Owó tó sọ nù ní 1968, àṣìṣe àwọn tó bá a gbé fíìmù jáde ni, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èyí tó sọ nù lẹ́yìn ìgbà yẹn ńkọ́, ó ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán kó tó dé, ó sì yàn án. Àwọn tó ń pè é ní aláyà, ẹ̀jẹ̀ àti ìfun tó ń dà sílẹ̀ nínú fíìmù ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ò le, ẹnikẹ́ni tó bá lówó àwọ̀ pupa lè da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibi tí àyà ẹ̀ wà ni pé kò gbà kí ẹni tó mówó wá bá òun tún ìparí fíìmù ṣe. Gbogbo ohun tó rí àti gbogbo ohun tó pàdánù, ibẹ̀ ló ti wá, màá sì gbìyànjú kí n tọ́ka ẹ̀ sí ẹ bí a ṣe ń lọ.

Wọ́n bí i ní Bronx, nílùú New York, ní February 4, 1940. Láti Cuba ni bàbá ẹ̀ ti ṣí wá, ìran Lithuania ni ìyá ẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Manhattan kó lè yá fíìmù The Tales of Hoffmann, á gbé e wálé, á wò ó tì, á dá a padà. Ó ní nígbà míì tóun bá débẹ̀ wọ́n á ní ọmọ kan ti yá a lọ, ọmọ ọ̀hún ló wá di Martin Scorsese. Fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ṣì máa kàn án.

Ilé ẹ̀kọ́ ló gbé e dé Pittsburgh, ní Carnegie Tech tó ti di Carnegie Mellon báyìí, kò sì padà sí New York mọ́. Pittsburgh ìgbà yẹn, ìlú irin ni, ìlú èéfín, kò sẹ́ni tó ń fi fíìmù jẹun níbẹ̀. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, John Russo àti Russell Streiner wà lára wọn, dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Latent Image, wọ́n ń ṣe ìpolówó ọtí bíà, wọ́n ń ṣe ti ọṣẹ, Romero tiẹ̀ ya fíìmù kékeré fún ètò ọmọdé Mister Rogers, níbi tí Fred Rogers ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun. Má fojú kéré apá yìí o. Ìpolówó yẹn ni yunifásítì ẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ló ti mọ bí iná ṣe ń jókòó sójú èèyàn, bí wọ́n ṣe ń gba ohùn, bí wọ́n ṣe ń gé fíìmù, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọjọ́ pé tí wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù gùn, kò sí nǹkan kan tí wọ́n ní láti lọ bẹ ará Hollywood fún. Òun fúnra ẹ̀ ló mú kámẹ́rà, òun fúnra ẹ̀ ló gé e.

Owó wá ńkọ́? Èèyàn mẹ́wàá dá $600 kọ̀ọ̀kan, ó di $6,000, ìyẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń wá owó kún un títí tó fi tó nǹkan bíi $114,000. Ní 1967 ni wọ́n yà á, ní Evans City lẹ́bàá Pittsburgh, ilé tí wọ́n ti fẹ́ wó ni wọ́n lò, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè fọ́ ọ bó ṣe wù wọ́n. Fíìmù dúdú-funfun ni torí òun lówó wọn ká, èyí tó tún jẹ́ kí omi ṣokoléètì tí wọ́n ń dà sórí áísíkiriìmù lè di ẹ̀jẹ̀. Alápatà kan wà lára àwọn tó dówó, òun ló gbé ẹran àti ìfun wá. Àwọn tó dówó náà ló ṣeré, àwọn náà ló ṣe mékọ́ọ̀pù, àwọn náà ló wá ohùn. Night of the Living Dead nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ohun tó ṣe sí sọ́ńbì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ló hùmọ̀ ẹ̀ látòkè délẹ̀. Sọ́ńbì ti wà nínú fíìmù tipẹ́. Haiti ni wọ́n ti mú un, nínú ẹ̀sìn Vodou tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Dahomey, láti Kongo àti láti ibòmíì ní apá ọ̀dọ̀ wa gbé dé bẹ̀. Sọ́ńbì ti Haiti, òkú tí wọ́n jí dìde kó lè máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá ni, ẹ̀rù tó wà nídìí ẹ̀ ni pé ikú gan-an lè má gbà ẹ́ lóko ẹrú. White Zombie tó jáde ní 1932, Bela Lugosi ló ṣe ọ̀gá àwọn òkú níbẹ̀. Romero yọ ọ̀gá kúrò. Òkú tiẹ̀ ò jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ebi ń pa wọ́n ni, ẹran èèyàn ni wọ́n ń jẹ, ẹni tí wọ́n bá pa á dìde, á bá wọn lọ, àfi tó o bá fọ́ orí ẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ìwé Richard Matheson, I Am Legend, lòun ti rí ìrònú náà, fáńpáyà, àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ló wà nínú ìwé yẹn, òun wá sọ ọ́ di òkú. Ọ̀rọ̀ sọ́ńbì gan-an ò sí nínú fíìmù àkọ́kọ́ yẹn, ghoul, ìyẹn ìwin tó ń jẹ òkú, ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwa tá a gbọ́ ìtàn àkúdàáyà dàgbà, a mọ̀ pé àkúdàáyà á lọ sílùú míì ni, á láya, á bímọ, á máa tajà, kò sẹ́ni tó máa fura títí ará ilé kan á fi bá a pàdé. Òkú Romero ò mọ ará ilé mọ́ rárá. Ọmọdébìnrin jẹ bàbá ẹ̀, ó pa ìyá ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin wọ àbúrò ẹ̀ obìnrin jáde fún àwọn òkú tó kù. Ní 1968 kò sẹ́ni tó ti rí irú ẹ̀ rí.

Ó wá tún mú Duane Jones, òṣèré aláwọ̀ dúdú, ó fi ṣe Ben, olórí eré. Wọn ò kọ ipa yẹn fún aláwọ̀ dúdú. Romero sọ ọ́ léraléra pé òun ló ṣe dáadáa jù nínú àwọn tó wá dán an wò, ó tán. Ben tí wọ́n kọ sínú sikírípítì, awakọ̀ tírélà ni, ẹlẹ́nu ṣákálá, Jones sì jẹ́ ọ̀mọ̀wé, olùkọ́ ni, kò gbà láti sọ̀rọ̀ báyẹn, ó tún ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ṣe, Romero sì fi í sílẹ̀ kó ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n. Èmi gbà pé ìpinnu tó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn: wọn ò yí ohunkóhun padà nínú ìtàn náà torí àwọ̀ rẹ̀. Ben ń pàṣẹ fún aláwọ̀ funfun, ó gbá ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun létí, ó yìnbọn lu ọkùnrin aláwọ̀ funfun, kò sẹ́nì kankan nínú fíìmù náà tó sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀. Tí o kò bá tíì wò ó, fo gbólóhùn tó kàn yìí. Ben ló ku òun nìkan nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbọ́ ìró àwọn tó wá gbà wọ́n là, ó yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rò pé òkú ni, wọ́n yìnbọn fún un lórí, wọ́n fi ìkọ́ alápatà fa òkú ẹ̀, wọ́n sun ún, àwòrán tí ò mira ni wọ́n sì fi hàn wá, bí èyí tá a máa ń rí nínú ìwé ìròyìn.

Oṣù April 1968 ni Romero àti Streiner gbé fíìmù tó ti parí sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń wà á lọ sí New York láti wá ẹni tó máa gbé e jáde, inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King, aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú. Látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó lè wo ìparí fíìmù náà lójú kan mọ́. Columbia ò gbà á, wọ́n ní dúdú-funfun ni. American International ní àwọn á gbà á tí wọ́n bá yí ìparí ẹ̀ padà kó dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí máa délẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ Pittsburgh yìí jẹ gbèsè, owó àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ pé rárá.

Ilé iṣẹ́ Walter Reade ló wá gbà á bó ṣe wà, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tí mo sọ ti ṣẹlẹ̀. Night of the Flesh Eaters ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sójú fíìmù náà, àmì kọ́píráìtì sì wà lójú kan náà pẹ̀lú orúkọ yẹn. Àwọn tó fẹ́ gbé e jáde ní kí wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n yọ ojú àkọ́lé àtijọ́, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n ò sì kọ àmì kọ́píráìtì padà. Ó tán. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn, iṣẹ́ tó bá jáde láìní àmì yẹn lára ti di ti gbogbo ayé. Kò sí pé o lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n máa fi mọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí fídíò kásẹ́ẹ̀tì dé, ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ń tà á, Romero ò gba kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ní fíìmù yẹn ti pa nǹkan bíi $30 mílíọ̀nù káàkiri ayé. Àmọ́ mo fẹ́ kó o ro èyí náà: òmìnira yẹn ló gbé e dé ibi gbogbo. Kò sí ilé ìtajà fídíò tí ò sí, kò sí orílẹ̀-èdè tí ò dé, gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe òkú tiẹ̀ lè ṣe é láìtọrọ àyè. Ìlànà tó fi lélẹ̀ di ti gbogbo èèyàn pẹ̀lú fíìmù náà. Ó dùn mí fún un, mo sì mọ̀ pé bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó o má mọ̀ ọ́n rárá.

Ìwọ tó o ń kọ́ṣẹ́ nílé níbí, òfin ti yàtọ̀ báyìí, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó o bá ti ya nǹkan ni kọ́píráìtì ti di tìẹ, àmì tàbí fọ́ọ̀mù ò sí níbẹ̀, òfin kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022 náà sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ewu wà ni ìwé àdéhùn. Ta ló ń mú ẹ̀dà ìparí, ta ló lè yí àkọ́lé, ta ló lè gé e kúrú, ká a kó o tó fọwọ́ sí i, kí lọ́yà kà á pẹ̀lú ẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ó fẹ́ fi òkú sílẹ̀. Ó ṣe There's Always Vanilla ní 1971, eré ìfẹ́, kò tà. Ó ṣe Season of the Witch, kò tà. The Crazies ní 1973, níbi tí májèlé ogun ìjọba ti dà sómi ìlú kékeré kan tí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í yawèrè tí sójà sì dé láti sé wọn mọ́, kò tà, bó tilẹ̀ dára. Gbèsè wọlé. Láàárín ìgbà yẹn ni àjọ ìjọ Lutheran kan gbéṣẹ́ fún un pé kó ṣe fíìmù kékeré nípa bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ àgbàlagbà, ó ṣe The Amusement Park, bàbá arúgbó kan tó wọ ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ń fojú ẹ̀ gbolẹ̀ títí, ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n gbé e tì síbì kan, kò jáde fún gbogbo èèyàn títí di 2021, nígbà tí òun fúnra ẹ̀ ti kú. Wò ó, ìṣẹ́jú 52 péré ni. Ẹni tó bá ní òbí tó ti dàgbà á mọ ohun tó ń sọ.

Ẹni tó yọ ọ́ nínú gbèsè ni Richard Rubinstein, oníṣòwò ni, àwọn méjèèjì ṣe fíìmù eléré ìdárayá fún tẹlifíṣọ̀n kí owó lè máa wọlé, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ṣe Martin. Jọ̀ọ́ má fo Martin. Braddock ni wọ́n ti yà á, ìlú irin tó ń kú lọ lẹ́bàá Pittsburgh, ọmọkùnrin kan rò pé fáńpáyà lòun, àmọ́ kò ní eyín fáńpáyà, abẹ́rẹ́ oorun ló fi ń mú èèyàn tí á sì fi bíléèdì gé wọn, àgbàlagbà ìbátan tó gbà á sílé gbà gbọ́ pé ẹ̀mí èṣù ló wà lára ẹ̀, fíìmù náà ò sì sọ fún ẹ èwo ló jóòótọ́. Romero ní òun ló wu òun jù nínú gbogbo iṣẹ́ òun. Èmi náà, lójú tèmi, òun ló jinlẹ̀ jù. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ bá Tom Savini ṣiṣẹ́, Savini tó ti ya fọ́tò ogun ní Vietnam, tó ti fojú ara ẹ̀ rí òkú gidi kó tó máa fi rọ́bà ṣe é.

Dawn of the Dead wá dé. Àwọn èèyàn tí Romero mọ̀ ló ń bójú tó Monroeville Mall, ilé ìtajà ńlá tí gbogbo ìdílé ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tó rìn ín yíká ló rí i pé ibẹ̀ lòun máa kó òkú sí. Ní Rome, Dario Argento, ọ̀gá fíìmù adẹ́rùbani ní Ítálì, gbọ́, ó mówó wá, ó pe Romero wá sí Rome kó jókòó kọ ọ́ níbẹ̀, ohun tó gbà ni ẹ̀tọ́ láti gé tiẹ̀ kó sì tà á ní àwọn ilẹ̀ tí wọn ò ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn tó dáa nìyẹn, kọ ọ́ sílẹ̀: Argento rí tiẹ̀, kò sì fọwọ́ kan ti Romero ní Amẹ́ríkà. Òru ni wọ́n ń yà á, láago mọ́kànlá alẹ́ sí méje àárọ̀, torí láago méje orin ilé ìtajà náà á bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n sì ní láti dáwọ́ dúró nígbà Kérésìmesì torí àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n so káàkiri. Àwọn òkú inú ẹ̀ ń rìn gbéregbère láàárín ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan bi ẹnì kejì pé kí ló dé tí wọ́n ń wá síbí, ó ní ibi tó ṣe pàtàkì nígbèésí ayé wọn ni. Èèyàn mẹ́rin tó kù láàyè náà wọbẹ̀, wọ́n ń kó aago olówó ńlá, wọ́n ń wọ kóòtù onírun, wọn ò rí nǹkan kan fi ṣe.

Àjọ tó ń díwọ̀n fíìmù ní Amẹ́ríkà ní àwọn á fún un ní X. X ìgbà yẹn ti di àmì fíìmù ìhòòhò, ìwé ìròyìn ò ní gba ìpolówó ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé sinimá ò ní gbé e. Ọ̀nà àbáyọ kò ju pé kó gé ẹ̀jẹ̀ kúrò. Romero àti Rubinstein kọ̀, wọ́n gbé e jáde láìní àmì kankan rárá, wọ́n kàn kọ ìkìlọ̀ sí i pé kí àwọn ọmọdé má wọlé. Gbogbo ọlọ́gbọ́n ló ní ó máa kú. Wọ́n ní ó pa nǹkan bíi $55 mílíọ̀nù ní gbogbo ayé. Ẹ̀ẹ̀kan nìkan ṣoṣo tí àyà líle san án lówó yàtọ̀ nìyẹn.

Ó wá dé 1985, Day of the Dead, mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ ka ibí torí ìdáhùn ìbéèrè ẹ gan-an ló wà níbẹ̀. Sikírípítì tó kọ́kọ́ kọ tóbi, ọmọ ogun òkú tí wọ́n ti dá lẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ẹ̀, ìlú abẹ́ ilẹ̀, ìjà ńlá. Àwọn olówó ní àwọn á fún un ní $7 mílíọ̀nù tó bá ṣèlérí pé ó máa gba ìwọ̀n R, ìyẹn ni pé á dín ẹ̀jẹ̀ kù. Tí kò bá fẹ́ ìyẹn, $3.5 mílíọ̀nù ló kù. Ìwọ náà rò ó wò. Ìlọ́po méjì owó, ìtàn tó ti ń lá lálàá fún ọdún mélòó kan, ohun tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú bí mélòó kan lọ. Ó mú èyí tó kéré. Ó gé ìtàn ara ẹ̀ sí méjì, ó kó sójà àti dókítà mélòó kan sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ ní Wampum, Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n máa pariwo lé ara wọn lórí títí wọ́n fi parun. Kí ló dé? Torí tó bá ti gbà ní ẹ̀ẹ̀kan pé ẹlòmíì ló máa sọ ibi tí fíìmù ti máa dúró, àwọn yẹn náà ló máa sọ bó ṣe máa parí, Romero sì ti rí ìyẹn láti 1968. Àwọn kan sọ pé orí kunkun ni. Èmi ò gbà. Bub wà nínú Day of the Dead, òkú tí dókítà ń kọ́ bí ọmọdé, tó ń gbé fóònù sétí, tó ń kí sójà, Sherman Howard ló ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò tó nǹkan, o máa káàánú ẹ̀ ju èyíkéyìí nínú àwọn sójà yẹn lọ. Kò sí olówó tó máa gbà kí òkú ajẹ̀nìyàn jẹ́ ẹni tí ọkàn èèyàn ń fà sí jù nínú fíìmù $7 mílíọ̀nù.

Owó tó wọlé ò tó nǹkan. Ọdún yẹn kan náà ni The Return of the Living Dead tí Dan O'Bannon darí jáde, ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ó sì gba ojú mọ́ Romero lọ́wọ́. Russo ló ni ẹ̀tọ́ láti máa lo “Living Dead” nígbà tí òun àti Romero pín, ìyẹn ni wọ́n ṣe rí orúkọ yẹn lò. Sọ́ńbì tó ń pariwo pé ọpọlọ lòun fẹ́ jẹ, ibẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ Romero, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dà á pọ̀.

Lẹ́yìn 1985 ilẹ̀ le. Monkey Shines ní 1988, ìgbà yẹn ló wá wọ ilé iṣẹ́ ńlá, Orion, wọ́n yí ìparí ẹ̀ padà mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun tó ti ń sá fún láti ogún ọdún bá a. The Dark Half tó mú nínú ìwé Stephen King dúró sílẹ̀ torí Orion wọ gbèsè, kò jáde àfi 1993. Láàárín ìyẹn sí 2000 kò gbé fíìmù gùn kan jáde. Sikírípítì ló ń kọ fún àwọn ilé iṣẹ́, wọ́n ń sanwó, wọn ò ń yà á. Ó kọ ti Resident Evil, àwọn tó ni géèmù náà ò fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ inú fíìmù ẹ̀ ni géèmù ọ̀hún ti jáde wá. Ó ká mi lára.

Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ dé lẹ́yìn 2000 tí wọ́n ń ṣe sọ́ńbì tó ń sáré tí owó ń wọlé gan-an, tí wọ́n tún Dawn of the Dead ṣe ní 2004, ni Universal tó rántí pé bàbá ṣì wà láàyè. Land of the Dead ní 2005 nìyẹn, Toronto ni wọ́n ti yà á, ìlú tí olówó ń gbé ilé gogoro tí mẹ̀kúnnù wà nísàlẹ̀, Big Daddy, òkú aláwọ̀ dúdú tí Eugene Clark ṣe, ló sì ṣáájú àwọn òkú wọ̀lú. Ó dáa, àmọ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ hàn lára ẹ̀. Diary of the Dead ní 2007 àti Survival of the Dead ní 2009, owó kékeré ló padà sí, ó ní ìyẹn ló tù òun lára. Ó kú sí Toronto ní July 16, 2017, ẹni ọdún 77, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, oṣù yẹn gan-an sì ni Road of the Dead, tí òun àti Matt Birman jọ kọ, ń wá owó. Nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni, títí tó fi kú.

Ṣé kò gbọ́n wá ni? Greg Nicotero, Day of the Dead ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Savini, òun ló wá ṣe àwọn òkú The Walking Dead, eré sọ́ńbì orí tẹlifíṣọ̀n, tó tún darí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fi Night of the Living Dead sínú àkójọ fíìmù tí wọ́n ń tọ́jú fún orílẹ̀-èdè ní 1999. Yunifásítì Pittsburgh ló ń tọ́jú àwọn ìwé ẹ̀ báyìí. Ọmọ tí wọ́n ń du The Tales of Hoffmann mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ńkọ́, Film Foundation tí Scorsese dá sílẹ̀ àti Museum of Modern Art ní New York ni wọ́n jọ tún Night of the Living Dead ṣe láti inú fíìmù àtilẹ̀bá, ní 2016, Romero ṣì wà láyé nígbà yẹn, ó fojú ara ẹ̀ rí i. Kò sí èyí tó di owó sí i lápò nínú gbogbo ẹ̀, mo gbà. Àmọ́ fíìmù mẹ́rin ló wà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan, Night, Martin, Dawn, Day, wọ́n sì parí síbi tó fẹ́ kí wọ́n parí sí, bóyá tí wọ́n ní kó tún ayé wá ìyẹn náà ló máa mú.

Èyí tí wàá kọ́kọ́ wò. Bẹ̀rẹ̀ láti Night of the Living Dead, ọ̀fẹ́ ló pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀fẹ́ yẹn ti ṣá, wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tó o bá lè rí èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2016 wò ó, òjìji inú ẹ̀ máa yà ẹ́ lẹ́nu. Wo Martin tẹ̀ lé e kí sọ́ńbì má baà gbà ẹ́ lọ́kàn tán. Dawn ní ẹ̀dà tó ju ẹyọ kan lọ, ìṣẹ́jú 127 ni ti Romero fúnra ẹ̀, òun ni kó o kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà kó o wá wo ti Argento kó o sì jókòó kọ gbogbo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sílẹ̀, wàá rí ohun tí gígé fíìmù lè ṣe sí àwòrán kan náà, mi ò mọ ẹ̀kọ́ tó dà bíi rẹ̀. Day ló kẹ́yìn. Tó o bá wá ráyè, wá Knightriders ti 1981, kò sí òkú kankan nínú ẹ̀. Ed Harris ló ṣe ọba àwọn kan tó ń gun alùpùpù jà bí akọgun ayé àtijọ́ láti ọjà dé ọjà, máketà kan dé pẹ̀lú owó, ó fẹ́ sọ wọ́n di ìràwọ̀, ìdajì wọn tẹ̀ lé e, ọba ní òun ò lọ. Ó gùn, díẹ̀ ló kù kó pé wákàtí méjì ààbọ̀, kò tà rárá nígbà tó jáde, àmọ́ kò sí ibòmíì tí Romero ti sọ ti ara ẹ̀ tó báyẹn. Tó o bá la ojú ẹ dáadáa, wàá rí Stephen King láàárín èrò ìwòran, ó ń jẹ búrẹ́dì, ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn méjèèjì jọ gbé Creepshow jáde.